Èmi Ni Mo Gbé E

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n là sílẹ̀ fún Àmúdà ní kóòtù májísíréètì ní Ìwó, lọ́jọ́ Àtàláátà kan nínú oṣù kẹta ọdún 1986, kò sì sí ọ̀kan tó wù ú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Májísíréètì ń fi èdè Òyìnbó kà á látinú ìwé òfin, Ògúnkúnlé tó jẹ́ ògbufọ̀ kóòtù sì ń tú u sí Yorùbá bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Àmúdà, àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba ti sọ tiwọn tán. Ó kàn ọ́. Èkíní, o lè bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí, kí o búra, kí o sọ tẹnu rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti sọ ọ́ tán, ọlọ́pàá tó ń ṣe ẹjọ́ yìí á bi ọ́ ní ìbéèrè, wàá sì dá a lóhùn. Èkejì, o lè dúró síbi tí o wà yẹn, kí o sọ̀rọ̀ láìbúra. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n kóòtù ò ní ka ọ̀rọ̀ rẹ sí tó ti ẹni tó búra. Ẹ̀kẹta, o lè panu mọ́, kí o má sọ nǹkan kan rárá. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Èwo lo mú?"

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Àmúdà ń lọ sókè sódò lórí pákó tí olùjẹ́jọ́ ń dúró sí. Ẹ má rò pé ẹ̀rù ló ń mú un gbọ̀n. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Àmúdà ti fi ń tẹ pẹ́dàlì máṣíìnì ìránṣọ, ó sì ti mọ́ ẹsẹ̀ náà lára. Bó jókòó, á máa tẹ̀. Bó dúró, á máa tẹ̀. Ṣẹ̀fíátù ìyàwó rẹ̀ ní bó bá sùn pàápàá, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò mọ èyí ni Ìsìpẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba. Láti àárọ̀ ló ti ń wo ẹsẹ̀ náà, ó sì ń wò ó bí ẹni tó ti rí ẹlẹ́rìí mìíràn kún tirẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n lọ rò ó, sà," ni Àmúdà wí.

Májísíréètì yẹ kàlẹ́ńdà wò, ó sún ẹjọ́ sí ọjọ́ Àlàmísì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni ọkùnrin yìí ní láti mọ̀ bóyá kí òun sọ̀rọ̀ tàbí kí òun dákẹ́. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ni, bó bá sì ti ẹ̀wọ̀n dé, kò sí aránṣọ kan nílùú tí yóò tún jẹ́ kó fọwọ́ kan máṣíìnì òun láyé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọba ni Àmúdà. Alfa Sùmáílà bàbá rẹ̀ ní ilé kéú, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà di alfa bíi Yẹ̀kínì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n Àmúdà ò lè jókòó lórí ẹní pẹ́ tó ìgbà tí tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ̀wé fi ń gbẹ lára pákó wàláà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú Alfa, ó mú un lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Ibẹ̀ lara ọmọ náà ti balẹ̀ díẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ jọ ń ṣe ni. Ó gba fúríìdọ̀mù, ó padà wá sí Ìwó, ó sì ṣí ìsọ̀ sẹ́yìn ọjà. Bó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà aránṣọ, tó gbọ́ bí máṣíìnì ṣe ń dún, á ti mọ ibi tó ń dùn ún.

Kì í ṣe irú ẹni tó ń jókòó sí ìsọ̀ de oníbàárà. Bí aránṣọ bá ti rí i lójú ọ̀nà tó ní, "Àmúdà, wá bá mi wo máṣíìnì," ó di dandan kó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Bó bá bá onítọ̀hún, ó dáa. Bí kò bá bá a, á ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á ṣí ìkọ́, á tú orí máṣíìnì kúrò lórí tábìlì rẹ̀, á gbé e lé èjìká, ó di ìsọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní lọ láìfi àmì sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì kan ni yóò gún mọ́ igi tábìlì náà, níbi tí orí máṣíìnì ti kúrò gan-an. Gbogbo aránṣọ ìlú ló mọ àmì yìí. Ẹni tó bá wọlé tó bá abẹ́rẹ́ tó dúró ṣánṣán lórí tábìlì á kàn sọ pé, "Àmúdà ti wá," á sì wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, òun àti Ìyá Wùmí. Yéwándé ni orúkọ obìnrin náà. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ aṣọ rírán nítòsí ilé ìwé àwọn míṣọ́ọ̀nù, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Nínú oṣù kìíní ọdún yẹn, nígbà ọyẹ́, ó ń lọ sí Ìbàdàn lọ wẹ ọmọ tí Wùmí bí. Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra nígbà tó tajú kán rí Àmúdà, ó sì yọ orí lójú fèrèsé.

"Àmúdà, wá bá mi wo máṣíìnì ńlá yẹn. Ó ń já òwú."

"Mo ti gbọ́, Mà."

Lọ́jọ́ kejì ó lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni. Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Ìyá Wùmí ti ní kí Olútáyọ̀ àbúrò rẹ̀ wá bá òun ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kàdúná ni Olútáyọ̀ ti wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì mọ Àmúdà rí. Ó bá tábìlì tó ṣófo, kò tiẹ̀ bi aládùúgbò léèrè, ó gba teṣan lọ. Lọ́jọ́ kẹta ni àwọn ọlọ́pàá tó ń wá máṣíìnì náà kiri ọjà dé ìsọ̀. Orí máṣíìnì náà wà láàárín ìsọ̀ lójú gbogbo ayé, Àmúdà ti tú inú rẹ̀, ó ti fi epo sí i, ó ń kọrin lé e lórí.

Kọ́ńsítébù tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta nílùú. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, Yorùbá rẹ̀ ò sì ju èyí tó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń wá fẹjọ́ sùn lọ. Ó bi í pé, "Ta gbé máṣíìnì?" Àmúdà, tí kò rò pé wàhálà kankan wà nínú ìyẹn, dá a lóhùn pé, "Èmi ni mo gbé e." Ó tún wá ṣàlàyé, ó sọ ti òwú tó ń já, ó sọ ti abẹ́rẹ́, ó ń sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Kọ́ńsítébù kọ ìlà mẹ́rin péré, ó ní kó tẹ̀ka. Àmúdà tẹ̀ka. Kò mọ̀ pé ohun tí ìlà kejì ń wí ní èdè Òyìnbó ni pé: èmi ni mo jí i.

Nígbà tí Ìyá Wùmí dé, ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rín. Àwọn ọlọ́pàá fún un ní ìwé tí Àmúdà tẹ̀ka sí. Obìnrin tó kàwé ni, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti máṣíìnì lójú rẹ̀ látìgbà náà. Ó ti fi ilé, fi ọ̀nà lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́ fún ọdún mọ́kànlá, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé olè lòun. Kò fẹ́ rí i sójú mọ́. Bí wọ́n sì ṣe gba bélì Àmúdà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un ni pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹlẹ́rìí kankan. Báyìí ni àwọn méjèèjì ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé kóòtù.

Nínú àpótí ẹlẹ́rìí, orí ìwé ni Ìyá Wùmí ń wò, kò wo Àmúdà. Ó ní, "Mo ní kó wá wò ó. Mi ò ní kó gbé e. Mo sì ti ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ." Májísíréètì yíjú sí Àmúdà, ó bi í bóyá ó ní ìbéèrè fún ẹlẹ́rìí yìí.

"Rárá o, sà. Àgbà ni wọ́n. Kí ni n ó dúró máa bi wọ́n léèrè ní gbangba?"

Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí ibẹ̀ yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: Mà, ẹ ò ha mọ abẹ́rẹ́ mi bí? Ṣùgbọ́n ọmọ Alfa Sùmáílà ni, wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í da ìbéèrè bo àgbà lójú èrò. Ọ̀wọ̀ lòun pè é. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé kóòtù ni pé olùjẹ́jọ́ kò ní ìbéèrè.

Ẹni tó dúró fún bélì rẹ̀ ni Bàbá Matthew Adégòkè. Bàbá yìí ti ṣe akọ̀wé kóòtù fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, máṣíìnì ìyàwó rẹ̀ sì ti gba ọwọ́ Àmúdà kọjá tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ọjọ́ kejì tí wọ́n sún ẹjọ́ ni Àmúdà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, kò jókòó.

"Jókòó ná."

"Mo fara mọ́ ìdúró, Bàbá."

"Ó dáa. Jẹ́ ká sọ pé èmi ni Ìsìpẹ́kítọ̀. O ti búra. Mo dìde sí ọ." Bàbá Matthew dìde lóòótọ́, ó na ìka sí i. "Ṣé ìwọ lo gbé máṣíìnì yìí?"

"Mo mú un lọ láti tún un ṣe ni."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o mú un. Mo ní, ṣé ìwọ lo gbé e?"

"Mo rù ú lọ sí ìsọ̀."

"Àmúdà. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Àmúdà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ló pa, Kùránì á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó wà nínú ìwé ọlọ́pàá náà ló tún sọ. Bàbá Matthew padà jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ṣé o rí i? Panu mọ́. Mo ti rí àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù ọ́ lọ tí wọ́n fẹnu ara wọn rìn lọ sẹ́wọ̀n. Ìjọba ló ní láti fi hàn pé o jalè, ìwọ kọ́ lo ní láti fi hàn pé o kò jalè. Dákẹ́, kí o jẹ́ kí wọ́n máa wá a."

Ìmọ̀ràn gidi ni, kò sí ẹni tó lè bá òfin ibẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n bí Àmúdà ṣe ń lọ sílé, ó ń wò ó pé bí òun bá panu mọ́, ẹnu kan ṣoṣo tó máa kù tó ń sọ̀rọ̀ nípa òun ni ìlà kejì ìwé yẹn.

Ṣẹ̀fíátù ní tirẹ̀ fara mọ́ ọ̀nà kejì. Ó ti kúnlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìyẹn nìkan ti fi hàn pé ó ti rò ó dáadáa.

"Bàbá Mùrí, ẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí, kí ẹ sọ ọ́ láìbúra. Ẹ mọ ohun tí Alfa bàbá yín sọ kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò gbọdọ̀ di Kùránì mú búra nítorí ọ̀rọ̀ ayé. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ti dì í mú ní kóòtù, àwọn èèyàn Ìsàlẹ̀ Ọba ò ní bi wá bóyá òótọ́ lẹ sọ. Wọ́n á kàn ní ọmọ Alfa Sùmáílà fi Kùránì búra nítorí orí máṣíìnì."

"Kóòtù ò ní ka èyí tí mi ò búra sí."

"Ọlọ́run á kà á sí."

"Ọlọ́run kọ́ ló máa ti ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n mọ́ mi, Ṣẹ̀fíátù."

Ó kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀, ó ní àsìtàfúrù, ó tọrọ àforíjì Ọlọ́run, ó sì jáde lọ rìn. Ìrìn ló ń rìn ṣáá ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Á ṣí ìsọ̀ ní àárọ̀, á tú skúrù kan, á tún un dè, á ti ìsọ̀. Á gba ọ̀nà Kúta lọ títí ilé á fi tán, á padà. Àwọn tó ń kí i lójú ọ̀nà, kì í jẹ́ kí wọ́n kí i tán. Nígbà tó tún ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ àrà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ sunkún: ó ní òun ò ní fi ẹnu òun pe "gbé" mọ́, kí ahọ́n òun má baà gbàgbé ara rẹ̀ níwájú Ìsìpẹ́kítọ̀.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò fún ọjọ́ kan péré. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ó fẹ́ ní kí Ṣẹ̀fíátù gbé omi àlùwàlá wá, ahọ́n rẹ̀ ta kókó, ó lọ bù ú fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan bi í pé níbo ni Bàbá Matthew ń gbé, ó kàn nàka. Ọmọ ẹbí kan ń gbéyàwó ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ní kó wá ṣàdúrà, ó ní, "Kí Ọlọ́run fi alùbáríkà sí... sí ohun tí ẹ ń ṣe yìí," gbogbo wọn sì ń wo ojú ara wọn. Ibi gbogbo ló bá ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹfà, Àmúdà ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ní ọjọ́ keje ó fẹsẹ̀ rin dé Ilé-Ogbó, níbi tí Alfa Yẹ̀kínì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní ilé kéú tirẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta dúró fún un lọ́nà, kò wọ̀ ọ́. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń fọ wàláà. Ó sọ ohun gbogbo fún un láìjókòó, ó sì bi í ní ohun tó mú un rìn wá: ṣé ọ̀rọ̀ tí bàbá wọn sọ ṣì de òun?

Alfa Yẹ̀kínì fọ wàláà mẹ́ta kó tó sọ̀rọ̀.

"Ohun tí Bàbá sọ, mo wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí á má fi Kùránì búra nítorí ayé. Ẹni tó ń fi í búra kí wọ́n lè fún un ní ilẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n Kùránì kan náà ló ní kí á má fi ẹ̀rí pamọ́, pé ẹni tó bá fi í pamọ́, ọkàn rẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn, ta ló mọ̀ pé o fi í sílẹ̀?"

"Èmi nìkan."

"Kí lo wá rìn wá bi mí?"

Àmúdà jókòó tì í, ó bá a fọ wàláà tó kù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ méje tó jókòó.

Ọjọ́ Àlàmísì pé. Kóòtù kún, ẹjọ́ Àmúdà ti di ohun tí gbogbo aránṣọ ìlú ń sọ, àwọn kan tiẹ̀ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá. Ìyá Wùmí jókòó sí ìlà kejì, Olútáyọ̀ àbúrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ́ńsítébù jókòó lẹ́yìn Ìsìpẹ́kítọ̀. Orí máṣíìnì náà wà lórí tábìlì níwájú, pẹ̀lú bébà tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn.

"Èwo lo mú?" ni Ògúnkúnlé bi í.

"Èkíní."

Bàbá Matthew doríkodò níbi tó jókòó sí. Àmúdà bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Ó ti ṣe àlùwàlá láti ilé. Ó di Kùránì mú, ó búra, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ pẹ́dàlì lọ.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Àmúdà Sùmáílà."

"Níbo lò ń gbé?"

Ẹnu Àmúdà là, kò sí nǹkan tó jáde. Ògúnkúnlé tún un bi. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, pé ta ni kì í mọ ibi tó ń gbé. "Ilé mi wà ní Ìsàlẹ̀ Ọba," ló wí nígbẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé: ọkọ̀ tó fẹ́ lọ, Ìyá Wùmí tó yọ orí lójú fèrèsé, òwú tó ń já, ìkọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Mo tú u. Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo wá... mo mú... mo rù ú..." Bó ṣe ń já ọ̀rọ̀ jẹ yìí, bí ẹni tó ń purọ́ gan-an ló rí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ì bá ti dá a lẹ́bi níbẹ̀.

Ìsìpẹ́kítọ̀ dìde. Kò tiẹ̀ dúró de ògbufọ̀, Yorùbá ló fi bi í.

"O mú un, o rù ú. Mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o sọ ní teṣan. Ṣé ìwọ lo gbé máṣíìnì yìí? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Àmúdà wo máṣíìnì náà. Ọ̀rọ̀ tó ti ń sá fún láti ọjọ́ mélòó kan dúró níwájú rẹ̀, ó sì sú u. Ó sú u pátápátá, bí ìjókòó ṣe máa ń sú u lórí ẹní kéú.

"Èmi ni mo gbé e," ló wí.

Ìsìpẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Májísíréètì di bírò mú, ó ń dúró de Òyìnbó rẹ̀. Ògúnkúnlé la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tú ọ̀rọ̀ olè àti ti olóòótọ́ ní kóòtù yẹn, kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

"Sà, èwo ni kí n tú u sí?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, sà," ni Àmúdà wí, ohùn rẹ̀ ti là. "Mo gbé e. Mo gbé Ṣẹ̀fíátù níyàwó náà, bàbá rẹ̀ ò pe ọlọ́pàá. Mo ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọba láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mi ò jí ilé ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ yìí mo gbé omi, mo ṣe àlùwàlá, kí n tó wá di Kùránì yìí mú. Bó bá jẹ́ olè ni gbogbo ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ pọ̀."

Ògúnkúnlé tú u tán. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ná an, Májísíréètì sì kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá lòun náà, òfin ló ní kó máa kọ Òyìnbó. Ó ní kí kọ́ńsítébù dìde.

"Kí ni ìtumọ̀ gbé?"

"Láti jalè ni, sà. Gbogbo ẹni tó ń wá teṣan ló ń sọ ọ́. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ mi, wọ́n gbé ewúrẹ́ mi."

"Níbo lò ń gbé?"

"Bárékè, sà."

"Ọwọ́ ta lo ti jí i?"

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Májísíréètì ò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ náà ni Àmúdà. Kọ́ńsítébù náà dúró, ó ń wo ilẹ̀, ojú sì tì í tọkàntọkàn. Kò sí ibi nínú rẹ̀. Ohun tí ìlú kọ́ ọ ló kọ sílẹ̀.

Láàárín ẹ̀rín yẹn ni Ìyá Wùmí ti yíjú sí àbúrò rẹ̀. Kò rántí pé kóòtù lòun wà.

"Olútáyọ̀, ṣé abẹ́rẹ́ wà lórí tábìlì?"

Akọ̀wé ní kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Májísíréètì gbọ́ ọ, ó ní kí Olútáyọ̀ padà bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ bi í.

"Abẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, sà. Ó gún mi lọ́wọ́. Mo fà á yọ, mo sọ ọ́ nù."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ nígbà tí o jẹ́rìí?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí, sà."

Ìyá Wùmí fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ló gbà gbọ́, ju ọdún mọ́kànlá lọ, ó sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀ yẹn.

Májísíréètì wọlé lọ, ó jáde lẹ́yìn wákàtí kan. Ó ní Àmúdà kò jẹ̀bi, kó máa lọ sílé rẹ̀. Ṣẹ̀fíátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá Matthew ń fi áńkáṣíìfù nu dígí ojú rẹ̀, ó ń sọ fún ẹni tí kò bi í pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Akọ̀wé tú bébà kúrò lọ́rùn máṣíìnì, ó ní kí Ìyá Wùmí wá fọwọ́ sí i kó máa mú un lọ. Ó fọwọ́ sí i. Ó di máṣíìnì náà mú, ó wúwo jù fún un, Olútáyọ̀ sì ti sá jáde. Ìyá Wùmí yíjú sí Àmúdà. Láti ọdún mọ́kànlá, "ìwọ" ló ń pè é.

"Bàbá Mùrí," ó wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e."

Ẹsẹ̀ Àmúdà dúró. Ó wo Ìyá Wùmí, ó wo Ìsìpẹ́kítọ̀, ó wá yíjú sí ògbufọ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi tú ìyẹn sí Òyìnbó ná," ló wí, "kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kà á fún mi."

Májísíréètì, tó ti dìde, tún padà jókòó. Ó mú bírò, ó kọ ọ́, Ògúnkúnlé sì kà á fún un ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà náà ni Àmúdà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e.